Maria Montessori: Dókítà tí Àwọn Ọmọdé Kọ́ Lẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, káàkiri Nàìjíríà ni a ti ń rí orúkọ Montessori lára pátákó jẹ́lé-ó-sinmi. Ní kékeré, àwa tí a dàgbà sí Maiduguri rò pé ilé-ìwé olówó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àṣé orúkọ ènìyàn ni.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1870 ni a bí Maria Montessori ní ìlú Chiaravalle, ní ilẹ̀ Ítálì. Láyé ìgbà náà, wọn kò ka iṣẹ́ dókítà sí iṣẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n kò gbà. Ní 1896, ó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Róòmù.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kìíní, ọdún 1907, ó ṣí Ilé Àwọn Ọmọdé ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Róòmù, fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ti lọ síbi iṣẹ́. Dípò kí ó máa pàṣẹ, ńṣe ni ó ń wò wọ́n, tí ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ó rí ọmọbìnrin kan, bí ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ó ń ki igi róbótó-róbótó bọ inú ihò tí ó bá wọn mu. Ó ní kí àwọn yòókù máa kọrin; ó gbé ọmọ náà tòun ti àga lé orí tábìlì. Ọmọ kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó tún iṣẹ́ náà ṣe ju ìgbà 40 lọ, ó sì fi í sílẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Montessori wá rí i pé ọmọdé ní sùúrù. Àgbà ni ó máa ń dí i lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó dùn wá. Ní 1898, ó bí Mario, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, láìlọ́kọ. Nítorí ẹnu ayé àti nítorí iṣẹ́, alágbàtọ́ ní abúlé ni ó tọ́ ọmọ náà. Ẹni tí ó ń wo ọmọ ọlọ́mọ kò rí tirẹ̀ wò dàgbà. Ìgbà tí Mario di ọ̀dọ́langba ni wọ́n tó jọ ń gbé, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ náà títí dé Íńdíà ní 1939.

Ọjọ́ 6, oṣù karùn-ún, ọdún 1952 ni ó kú ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ní ẹni ọdún 81. Ó ṣì ń gbèrò àtiwá sí Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí àbúrò wa bá ń pẹ́ lórí okùn bàtà, a máa ń já a gbà kí a lè tètè jáde. Lọ́la, àwa náà yóò di òbí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ káwọ́ sẹ́yìn, kí a wò ó ná.