Dáódù Àwọn Tísà: Ẹni Ọ̀wọ̀ Israel Oludotun Ransome-Kuti

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, ohun tí a fẹ́ fi ta ilé ìwé wa ní Mowe lọ́rẹ ló dá iyàn sílẹ̀ jù. Àwọn kan ní ká kọ́ géètì, àwọn kan ní kànga ló kàn. Ọ̀kan nínú àwọn tísà wa àtijọ́ wá dìde, ó ní ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa ti bi àwọn tísà tó wà níbẹ̀ báyìí léèrè bí nǹkan ṣe ń lọ fún wọn. Gbogbo ilé dákẹ́. Nígbà tí olóòtú ìwé wa ní kí n kọ ìtàn ẹnì kan tí a lè wò ṣe àwòkọ́ṣe, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ Dáódù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe Fẹlá ni mo fẹ́ sọ. Bàbá tó bí Fẹlá ni. Ayé mọ ọmọ, ayé sì mọ ìyá, Fúnmiláyọ̀, tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí. Bàbá ńkọ́? A kàn ń dárúkọ rẹ̀ kọjá ni. Bẹ́ẹ̀, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, ní, ó sì wà lórí àga náà láti ọdún 1931 títí di 1954. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ alága ẹgbẹ́ rí, ẹ mọ ohun tí ọdún mẹ́tàlélógún jẹ́.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1891. Bàbá rẹ̀, Josiah Jesse Ransome-Kuti, jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, olórin gidi tí ohùn rẹ̀ wà nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí Abẹ́òkúta Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1908, orúkọ Israel ló kọ́kọ́ wọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé náà. Ó lọ sí Fourah Bay College ní Sierra Leone láti 1913 sí 1916, ó padà wá kọ́ni ní CMS Grammar School l'Ékòó, nígbà tó sì di 1919, wọ́n fi í ṣe pirinsípà Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ fojú inú wo tísà ayé ìgbà yẹn. Ìjọ ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé ìwé. Áńgílíkà ní tiwọn, Mẹ́tọ́díìsì ní tiwọn, Àgùdà náà ní tiwọn, oníkálukú sì ń du ọmọ ilé ìwé mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́. Tísà tí iṣẹ́ kò yé dáadáa, ta ni yóò sọ fún? Bí ó bá sọ fún hẹ́dímásítà, ó lè dé etí àlùfáà. Bí àlùfáà bá gbọ́, ó lè bá ara rẹ̀ ní abúlé mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Owó oṣù rẹ̀ kéré sí ti ẹni tó ń kọ́ni nílé ìwé ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí owó ìfẹ̀yìntì tó lè gbẹ́kẹ̀ lé. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbé jáde ní 1926 tún fi kún un pé gbogbo tísà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè kọ́ni. Ó dára lápá kan, torí òfin náà sọ iye tí owó oṣù kò gbọdọ̀ kéré sí ní àwọn ilé ìwé tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú ìjọba ti wá wà lára tísà, kò sì sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń rì, á rì jẹ́jẹ́.

Ọdún 1926 yẹn gan-an ni Ransome-Kuti kó àwọn hẹ́dímásítà Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọ̀gá ló kọ́kọ́ kó jọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ni, ibẹ̀ la ò bá fi mọ. A ó máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a ó mu tíì, a ó fẹjọ́ àwọn tísà tó ń pẹ́ dé sùn, a ó sì túká. Ti Dáódù kò rí bẹ́ẹ̀. L'Ékòó, àwọn tísà ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1925, Ẹni Ọ̀wọ̀ J. O. Lucas ló ń darí rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 1931, ẹgbẹ́ Èkó àti ti Ìjẹ̀bú pàdé ní CMS Grammar School, wọ́n sì di ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe bí NUT nìyẹn, tí wọ́n sì fi Ransome-Kuti jẹ ààrẹ.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu rèé. Pirinsípà ni ọkùnrin yìí. Ìjọ ló gbà á síṣẹ́ pé kí ó máa ṣọ́ àwọn tísà. Òun ló lè dá tísà dúró, òun náà ló tún wá jókòó síbi tí àwọn tísà jókòó sí, tó ń bá wọn bèèrè ẹ̀tọ́ wọn lọ́wọ́ ìjọba àti lọ́wọ́ ìjọ. Kò sọ pé ọ̀gá lòun, kí tísà lọ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Lójú tèmi, ó ti rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ọ̀lẹ tísà, ebi ni, ìbẹ̀rù ni, àìrẹ́nìkan-bá-sọ̀rọ̀ sì ni.

Àkókò náà kò sì rọgbọ. Owó kòkó àti ti epo pupa ti wálẹ̀ ní gbogbo ayé, ìjọba ń gé ìnáwó kù, àwọn tísà ilé ìwé ìjọ ló sì kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára. Ìjà pé kí iṣẹ́ kan náà gba owó kan náà, kì í ṣe ìjà ọdún kan. Àwọn tó ń di ṣọ́ọ̀kì mú láàárọ̀ náà ló ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tó di 1943 ni ẹgbẹ́ tó ní akọ̀wé àgbà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn, E. E. Esua. Títí Dáódù fi sọ̀ kalẹ̀, ẹgbẹ́ náà ti ní ẹ̀ka káàkiri Nàìjíríà.

Ní 1932 ló padà sí Abẹ́òkúta, ó di pirinsípà ilé ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń pè é ní Dáódù. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ di áńgẹ́lì fún yín o. Ọkùnrin líle ni. Ẹgba rẹ̀ kì í ṣe eré, àwọn ọmọ inú rẹ̀ pàápàá kò mórí bọ́, Fẹlá sọ ọ́ dáadáa nígbà ayé rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ẹgba yẹn, kí ẹ̀yin tí ẹ na èmi náà má bínú. Ṣùgbọ́n Wole Soyinka, tó ka ìwé níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀ Aké tí mi ò gbàgbé: Dáódù máa ń jẹ́ kí ọmọ tó ṣẹ̀ rojọ́ tirẹ̀ kí ó tó dá a lẹ́jọ́. Ó ń fẹ́ gbọ́ tẹnu ọmọ.

Èmi kò gbọ́ tẹnu ẹnì kan. Ibí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín. Nígbà tí mo jẹ́ igbá-kejì pirinsípà ní ilé ìwé kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń kọ́ ìṣirò. Kíláàsì rẹ̀ máa ń pariwo bí ọjà alẹ́. Kúẹ́rì mẹ́ta ni mo kọ fún un láàárín táàmù kan. Mi ò jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n wo ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kò wá mọ́. Ìyá tó ń ta ìrẹsì nínú ọgbà ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé inú kíláàsì ni ọmọ náà máa ń sùn láwọn alẹ́ mìíràn, torí wọn ò tíì san owó oṣù, kò sì ní owó ọkọ̀ tí yóò fi máa lọ tí yóò fi máa bọ̀. Gbogbo ilé ìwé ló mọ̀. Èmi tí mo ń kọ kúẹ́rì nìkan ni mi ò mọ̀.

Ìyókù ìtàn Dáódù kò gùn. Láàárín 1943 sí 1945, ó wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot tó yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì wà pẹ̀lú àwọn tó ní kì í ṣe yunifásítì kan ṣoṣo ló yẹ kí gbogbo wa máa pín. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ó fẹ̀yìn tì ní 1954, ó sì kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1955, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Ẹ wá wo àgbègbè wa. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ta ló rò pé Mowe yóò dà báyìí? Ilé ìwé aládàáni pọ̀ láti Ibafo dé Mowe, títí dé ọ̀nà Ìfọ̀, wọ́n ń du ọmọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn ìjọ ti ṣe láyé Dáódù. Ọ̀pọ̀ àwọn tísà inú wọn kì í ṣe ọmọ NUT. Ilé ìwé kejì wà ní ìdàkejì títì, tísà ibẹ̀ mọ ìṣirò bí ẹní mowó, ti ìhín kò sì lè lọ bi í léèrè nǹkan kan, torí àwọn ọ̀gá méjèèjì kì í kí ara wọn.

Mo ka àwọn tó jẹ́ pirinsípà, hẹ́dímásítà tàbí onílé ìwé nínú wa, a ju mẹ́wàá lọ. Ẹ jẹ́ ká pàdé lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kan, kí á sì pe àwọn yòókù láti Ibafo àti Ìfọ̀ mọ́ra. Kí a má fẹjọ́ tísà kankan sùn níbẹ̀. Kí oníkálukú mú tísà kan tí iṣẹ́ ń ni lára wá, kí ẹni yẹn lọ jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan sí kíláàsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé mìíràn, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà wá jókòó sí tirẹ̀. Owó ọkọ̀ wọn kò lè tó owó géètì. Mo ti bẹ akọ̀wé wa pé kó fi ọ̀rọ̀ náà sórí ètò ìpàdé ọjọ́ Sátidé.

Nípa tísà ìṣirò yẹn, wọ́n ní ó ń ta páàtì mọ́tò níbì kan lápá Ibafo. Mo ti wá a lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí i. Ẹ máa bá mi fojú sílẹ̀ o.