Ìtàn Ìgbésí Ayé Mendeleev, Ẹni tí ó To Àwọn Irin sí Àyè Wọn

Kò sí ọlọ́jà ní Òkè-Sópẹ̀n tí kò mọ irin, bàbà, fàdákà àti wúrà; ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó fi ìbátan wọn hàn. Nítorí náà ni a ṣe pe ẹ̀yin òǹkàwé wa sí ìtàn Dmitri Mendeleev.

Ìlú Tobolsk, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni a bí i sí ní ọdún 1834. Ní ọdún náà ni ojú baba rẹ̀ fọ́. Ìyá rẹ̀, Maria, ni ó ń fi ilé-iṣẹ́ dígí bọ́ gbogbo ìdílé. Baba kú ní 1847, kò sì pẹ́ tí iná fi jó ilé-iṣẹ́ náà. Obìnrin yìí kò sọ ìrètí nù. Ó mú àbíkẹ́yìn rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ sí Moscow. Nígbà tí wọn kò gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ó mú un dé St. Petersburg, wọ́n sì gbà á ní 1850. Ọdún náà gan-an ni ìyá jáde láyé. A kò lè ṣàì ṣe sàdáńkátà fún un.

Ọmọ náà di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní 1869, nígbà tí èròjà ìpìlẹ̀ tí a mọ̀ jẹ́ 63, ó to wọn bí wọ́n ti wúwo sí, ó sì rí i pé ìwà kan náà a máa padà yọ lẹ́yìn àkókò kan. Ṣùgbọ́n irin, cobalt àti nickel fẹ́ bá ètò náà jẹ́, nítorí pé wọ́n jọ ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó yà wọ́n sọ́tọ̀ bí afárá láàrin òpin ìlà kan àti ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Lónìí, àwọn àti ìbátan wọn, títí kan bàbà, fàdákà àti wúrà, ni wọ́n wà láàrin àtẹ náà. Àwọ̀ ni a fi ń mọ púpọ̀ nínú wọn: irin a máa pọ́n bí ó bá dógùn-ún, bàbà a sì máa hu àwọ̀ ewé. Sínkì wà ní ẹ̀bá wọn. Òun ni a ń pò mọ́ bàbà kí ó tó di idẹ tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń rọ ẹdan Òṣùgbó.

Níbi tí èròjà kan kò bá bọ́ sí, Mendeleev kò fi ipá tì í. Ó fi àyè sílẹ̀, ó sì kọ bí èyí tí ń bọ̀ yóò ti rí. Ọ̀pọ̀ kò kà á sí. Àmọ́ a rí gallium ní 1875, scandium ní 1879 àti germanium ní 1886. Mendeleev ti sọ pé ìwúwo scandium yóò tó 44. Ó súnmọ́ 45.

Kò ṣàì ní àléébù: kò gbà pé átọ́ọ̀mù lè fọ́. Ní 1890 ó gbé ẹ̀bẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ mínísítà. Nígbà tí a kọ̀ ọ́, ó fi iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀. Ní 1893 a fi í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ òṣùwọ̀n. Ó kú ní 1907. Ní 1955 ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ èròjà kọkànlélọ́gọ́rùn-ún.

Ẹ̀yin ọlọ́jà wa, ẹni tí ó mọ ohun tí kò sí lórí àtẹ rẹ̀, tí kò sì fi ayédèrú dí àyè rẹ̀, ni ó mọ ọjà rẹ̀ dájú.