Kate Greenaway: Obìnrin tí ojú-ìwé ewì ọmọdé rẹ̀ di ohun ìṣúra

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta ọdún 1846 ni wọ́n bí Kate Greenaway sí Hoxton, nílùú London. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni láti máa gbẹ́ àwòrán sára pákó fún àwọn òǹtẹ̀wé. Abúlé Rolleston, ní Nottinghamshire, ni Kate ti lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀. Ọgbà òdòdó àti aṣọ àtijọ́ tí ó rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn tí ó kọ́ṣẹ́ ọnà, káàdì ìkíni ni ó kọ́kọ́ ń ya àwòrán sí. Nígbà tí ó yá, bàbá rẹ̀ mú un mọ Edmund Evans, gbajúmọ̀ òǹtẹ̀wé. Kate fi ewì àti àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ ṣe hàn án. Èyí ni ó di ìwé Under the Window ní ọdún 1879. Ẹ̀dà 20,000 ni Evans kọ́kọ́ tẹ̀. Àwọn kan rò pé ó ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ tà kí wọ́n tó tún un tẹ̀.

Iṣẹ́ sùúrù ni ìwé náà. Evans a ya fọ́tò àwòrán Kate sórí pákó, àwọn agbẹ́nà a sì gbẹ́ ẹ. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pákó tirẹ̀, ojú-ìwé kan náà a sì kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Lámèyítọ́ ńlá nì, John Ruskin, gbóríyìn fún un, àwọn aláfarawé sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1891, Kate pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Fine Art Society ní London. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó pa á ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 1901, ní ẹni ọdún 55.

Láti ìgbà náà, àwọn kan ti ń ya ojú-ìwé kúrò nínú ìwé rẹ̀ láti fi sínú férémù. Àdánù ni. Ìwé tí ó pé máa ń níye lórí ju ewé kan tí a já lára rẹ̀ lọ. Ẹni tí ń díyelé e yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ọwọ́ ni a fi kùn ún tàbí ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́. Bí awò tí ń sọ kékeré di ńlá bá fi tóótòòtó àwọ̀ tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ hàn, àtúntẹ̀ ìgbà ẹ̀yìn ni. Ti Evans, ilà tí a gbẹ́ ni yóò hàn. Lẹ́yìn náà ni yóò wo ọdún ìtẹ̀jáde, àbàwọ́n, àti bóyá wọ́n ti gé etí rẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oòrùn a máa pa àwọ̀, ọ̀rinrin a máa hu ewú, téèpù tí a fi ń lẹ ìwé a sì máa fi àbàwọ́n sílẹ̀. Inú bébà tí kò ní ásíìdì ni kí a tẹ́ irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ sí, níbi gbígbẹ tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀.

Ní ọdún 1955, wọ́n dá àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ayàwòrán ìwé ọmọdé, wọ́n sì fi orúkọ Kate pè é. Orúkọ náà ni ó ń jẹ́ títí di ọdún 2022 tí wọ́n yí i padà.