Ọba Èṣùgbàyí, Elékò Ìlú Èkó

Ọmọ Ọba Dòsùnmú ni Ọba Èṣùgbàyí, orúkọ tó mú Èṣù dání. Bàbá wọn ló fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ lóṣù kẹjọ ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun wà lórí ọ̀sà. Láti ọjọ́ náà, ọba ń bẹ ní Ìga Ìdúngànrán, ṣùgbọ́n àṣẹ ti di ti ìjọba.

Èṣùgbàyí gorí ìtẹ́ lọ́dún 1901. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kí àwọn ará Èkó máa san owó omi ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ará ìlú ni Kábíyèsí wà, ìjọba kò sì gbàgbé rẹ̀.

Lọ́dún 1920, Olóyè Àmọ́dù Tìjánì, Olúwa Èkó, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá. Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì gbé ọ̀pá àṣẹ Elékò dání. Ìwé ìròyìn ibẹ̀ gbé e jáde pé ọba lórí mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ènìyàn ni Elékò. Inú bí ìjọba. Ó ní kí Kábíyèsí rán alágogo káàkiri ìlú láti sọ pé ọwọ́ àwọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ Macaulay. Kábíyèsí kò rán alágogo. Ìjọba ní òun kò mọ̀ wọ́n ní ọba mọ́, ó sì dá owó wọn dúró.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1925, lẹ́yìn tí àwọn kan nínú ìdílé ọba ti kéde pé àwọn rọ̀ wọ́n lóyè, ìjọba gba Ibíkúnlé Akítóyè lọ́ba, ó sì kó Èṣùgbàyí lọ sí Ọ̀yọ́.

Àṣà gan-an ni ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e dá lé lórí, ìdí nìyí tó fi kan gbogbo oníṣẹ̀ṣe. Òfin tí ìjọba lò sọ pé a lè lé ọba tí a rọ̀ lóyè kúrò nílùú bí àṣà ìlú bá pa á láṣẹ. Ta ni yóò wá sọ ohun tí àṣà Èkó wí? Àwọn ilé ẹjọ́ níhìn-ín gbà pé ọ̀rọ̀ gómìnà ti tó. Ẹjọ́ náà rìn títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, lóṣù kẹta ọdún 1931 sì ni àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní kò tó. Dandan ni kí ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ wádìí bóyá ọba ni ọkùnrin yìí, bóyá wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè lóòótọ́, àti bóyá àṣà ní kí ó fi ìlú sílẹ̀. Wọ́n fi kún un pé ìfọwọ́sí àwọn tó ni àṣà ló ń fún un lágbára. Aláṣẹ kan kò lè jókòó kí ó dá àṣà tirẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí àwọn àgbà wa ti mọ̀ tipẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó lé ní ọdún márùn-ún ni Kábíyèsí lò ní Ọ̀yọ́ kí ó tó di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n dá ẹjọ́ padà sí Èkó fún ìwádìí, ṣùgbọ́n gómìnà tuntun, Donald Cameron, kò dúró dè é. Ó jẹ́ kí Kábíyèsí padà wálé lọ́dún 1931 kan náà. Sànúsí Olúsì, tó jọba lẹ́yìn Akítóyè, kúrò ní Ìga fún wọn. Ọba Èṣùgbàyí wàjà lóṣù kẹwàá ọdún 1932, Fálolú Dòsùnmú sì jọba tẹ̀ lé wọn.