George Headley: Onígi aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń fi wé Bradman

Níbikíbi tí àwọn olólùfẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì bá péjọ sí, àríyànjiyàn kan kì í pẹ́ bẹ́ sílẹ̀: ta ni onígi tó pegedé jù lọ láti ìgbà tí eré náà ti dáyé? Onígi ni ẹni tó di igi mú láti gbá bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ alátakò bá jù sí i, tó sì ń sáré kó ayò jọ títí wọn yóò fi lé e jáde. Orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni ti Donald Bradman, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà. Bí a bá pín gbogbo ayò tó jẹ nínú ìdíje Test, ìyẹn ìdíje ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń bá orílẹ̀-èdè gbá, sí iye ìgbà tí wọ́n lé e jáde, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 99.94. Onígi tí ìpíndọ́gba tirẹ̀ bá ti lé ní 50, gbogbo ayé ló ń kan sáárá sí i. Ti Bradman kọjá mo rí nǹkan fìrí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé nọ́ńbà náà ti parí ẹjọ́.

Ní àwọn erékùṣù Caribbean, ẹjọ́ náà kò parí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń pe George Headley ní Bradman aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ọdún 1930 sókè, àwọn kan lára àwọn èèyàn rẹ̀ yí orúkọ náà padà: Bradman ni wọ́n ń pè ní Headley aláwọ̀ funfun.

Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1909 ni wọ́n bí Headley sí ìlú Colón ní orílẹ̀-èdè Panama. Ọmọ Barbados ni baba rẹ̀, ọ̀kan lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú tó lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ odò àtọwọ́dá Panama. Ọmọ Jàmáíkà ni ìyá rẹ̀. Láti Panama, ìdílé náà kó lọ sí Kúbà. Èdè Sípéènì ni ọmọ náà ń gbọ́ yíká, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó pàdánù èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà, ó mú un wá sí Kingston ní Jàmáíkà nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ó lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Díẹ̀ ló kù kí ayé má mọ̀ ọ́n rárá. Ní ọdún 1928, ètò ti tò pé kí ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú eyín ní Amẹ́ríkà, ìwé ìrìnnà rẹ̀ nìkan ni kò tètè jáde. Bó ṣe ń dúró dè é ni ikọ̀ kan gúnlẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Lord Tennyson jẹ́ balógun rẹ̀. Wọ́n mú Headley, ọmọ ọdún méjìdínlógún, láti gbá fún Jàmáíkà. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, ó jẹ ayò 211. Kò tún sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ eyín mọ́.

Oṣù Kìíní ọdún 1930 ló kọ́kọ́ gbá Test fún West Indies, ikọ̀ tó kó àwọn erékùṣù náà pọ̀. Ayò 176 ló jẹ lòdì sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Bridgetown. Ní Georgetown, ó jẹ 114, ó sì tún jẹ 112 nígbà tó di igi mú lẹ́ẹ̀kejì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn sì ni West Indies kọ́kọ́ borí nínú ìtàn Test. Ní Kingston, ó jẹ 223. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.

Nígbà tí wọ́n lọ sí Ọsirélíà lọ́dún kan náà, àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kíyè sí i pé bọ́ọ̀lù tó bá gba apá iwájú rẹ̀ kọjá ló máa ń dùn mọ́ ọn láti gbá. Wọ́n wá ń jù ú sí apá ẹsẹ̀ rẹ̀. Lórí ìrìn àjò yẹn gan-an ni Headley ti tún ìdúró rẹ̀ ṣe, tó sì jẹ ọgọ́rùn-ún ayò lé díẹ̀ nígbà méjì nínú àwọn Test náà. Clarrie Grimmett, ọ̀gá nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù Ọsirélíà, sọ lẹ́yìn náà pé òun kò rí ẹni tó le tó o ní apá ẹsẹ̀ yẹn.

Ẹrù ikọ̀ kan lórí ẹnì kan

Igi kan kì í dágbó ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní kí Headley ṣe nìyẹn. Bí wọ́n bá ti lé e jáde, àwọn ajubọ́ọ̀lù alátakò mọ̀ pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Atlas, orúkọ òmìrán inú ìtàn àwọn Gíríìkì tó fi èjìká gbé ojú ọ̀run. Bradman ní àwọn onígi gidi níwájú àti lẹ́yìn. Nínú Test ọdún 1935 ní Kingston, Headley jẹ 270, wọn kò rí i lé jáde, West Indies sì gba ìdíje pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọdún 1939, ó di ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ ọgọ́rùn-ún ayò lé nígbà méjèèjì tó di igi mú nínú Test kan ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù: 106 àti 107.

Òǹkọ̀wé ọmọ Trinidad nì, C.L.R. James, gbé ìṣirò mìíràn kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1963, Beyond a Boundary. Láyé ìgbà náà, wọn kì í bo orí pápá bí òjò bá rọ̀. Bí oòrùn bá wá ràn lé ilẹ̀ tútù náà, bọ́ọ̀lù a máa ta bí ẹ̀gà, onígi kò sì ní mọ ibi tí yóò gbà. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, James ní ìgbà 13 ni Headley di igi mú, ó jẹ ju 50 lọ nígbà 7, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 39.85. Ìgbà 15 ni ti Bradman, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọjá 50, ìpíndọ́gba tirẹ̀ sì jẹ́ 16.66.

Lóòótọ́, iye ìgbà wọ̀nyí kéré jù láti fi gba adé lórí Bradman. Àmọ́ wọ́n fi hàn pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni a ti wọn 99.94. Ohun mìíràn tún wà tí ìṣirò kò lè sọ. Test 52 ni Bradman gbá láàárín ogún ọdún. 22 péré ni Headley gbá láàárín ọdún mẹ́rìnlélógún, nítorí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà kì í sábà bá àwọn erékùṣù tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso gbá. Ogun Àgbáyé Kejì gba ọdún lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ayò 2,190 ni Headley jẹ nínú Test, ó jẹ ọgọ́rùn-ún lé nígbà 10, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 60.83. Nínú àwọn tí wọ́n gbá pẹ̀lú rẹ̀ ní ikọ̀ West Indies ṣáájú ogun, kò sí onígi kankan tó súnmọ́ ọn.

Ipò balógun

Ọ̀rọ̀ tó dun àwọn èèyàn rẹ̀ jù ni ti ipò balógun ikọ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni àwọn aláṣẹ kíríkẹ́ẹ̀tì ń fi jẹ balógun West Indies, ìbáà ṣe pé ìmọ̀ wọn nínú eré kò tó ìdajì ti Headley. Oṣù Kìíní ọdún 1948 ni wọ́n tó jẹ́ kó ṣe é, ní Bridgetown. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe balógun West Indies nínú Test. Ẹ̀yìn ń dùn ún nígbà náà, ọjọ́ orí sì ti ń dé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré ni. Àwọn aláṣẹ kò sì fi aláwọ̀ dúdú jẹ balógun fún odidi ìdíje títí di ọdún 1960, nígbà tó kan Frank Worrell.

Ní ọdún 1954, àwọn ará Jàmáíkà dá owó jọ láti mú Headley padà wálé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè gbá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ó jẹ ayò 16, lẹ́yìn náà ó jẹ 1. Ìyẹn ni Test rẹ̀ ìkẹyìn.

Ìjọba Jàmáíkà gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá láti ọdún 1955 sí 1962. Ó kú ní Kingston ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1983. Ọmọ rẹ̀ Ron gbá Test méjì fún West Indies ní ọdún 1973, Dean ọmọ Ron náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá Test ní ọdún 1997, tí wọ́n fi di ìdílé àkọ́kọ́ tí baba àgbà, baba àti ọmọ gbá Test. Aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Dean wọ̀.