Ta ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀kín Kóńgò? Ìtàn Dókítà James Chapin

Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ìwé léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ọ̀kín Kóńgò, ìdáhùn tí ìwé àwọn òyìnbó fi lé wọn lọ́wọ́ ni Dókítà James Paul Chapin, ará Amẹ́ríkà. A kò fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ gan-an ni ó fi hàn pé àwọn kan ti wà níwájú rẹ̀.

Ìlú New York ni a bí Chapin sí, ní ọjọ́ 9 oṣù Keje, ọdún 1889. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti gbà á lọ́kàn. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí ó fi wọ iṣẹ́ ní ilé ńlá kan nílùú náà, níbi tí wọ́n ń kó oríṣiríṣi ẹranko àti ẹyẹ ayé jọ sí fún ẹ̀kọ́ àti ìwòran. Ní 1909, ilé yìí rán òun àti ọ̀gá rẹ̀, Herbert Lang, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, sí ilẹ̀ Kóńgò, tí ó wà lábẹ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù nígbà náà. Okapi, ẹranko igbó tí ó bá àgùfọn tan, ni wọ́n ń wá jù. Wọ́n rò pé ọdún díẹ̀ ni àwọn yóò lò. Ó di 1915 kí wọ́n tó parí iṣẹ́. Ẹyẹ nìkan tí wọ́n kó jọ lé ní 6,000. Kí òǹkàwé wa má ṣe rò pé àwọn méjèèjì ni wọ́n dá a ṣe o. Àwọn ọmọ Kóńgò ni wọ́n ru ẹrù, àwọn ni wọ́n mọ ojú ọ̀nà nínú igbó, àwọn ni wọ́n sì mọ ibi tí ẹran ń gbà kọjá.

Ní 1913, ní Avakubi nínú igbó Ìtúrì, Chapin rí àwọn fìlà tí àwọn ará ibẹ̀ fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ti mọ ẹyẹ ilẹ̀ náà débi pé bí ó ti ń wo ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá ẹyẹ tí ó ni ín mọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kò mọ̀: ìyẹ́ apá kan tí ó pọ́n rúsúrúsú, tí ilà dúdú gba ara rẹ̀ kọjá. Ó mú un, ó gbé e padà sí Amẹ́ríkà. Ó béèrè, ó wádìí, kò sí ọ̀mọ̀wé kan tí ó lè sọ ẹyẹ tí ó ni ín. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ ọ́ nù. Chapin tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 23. Láàárín ìgbà náà ni ó jáde ní yunifásítì Columbia, tí ó gba oyè dókítà ní 1932, tí apá kìíní ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn ẹyẹ Kóńgò sì jáde ní ọdún yẹn kan náà.

Nítorí ìwé yìí ni ó ṣe wà ní Tervuren, lẹ́bàá ìlú Brussels, ní 1936, nínú ilé tí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ń kó ohun ilẹ̀ Kóńgò pamọ́ sí. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù kan, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, ó rí ẹyẹ méjì tí wọ́n ti kì ní ẹ̀kì, akọ àti abo, tí eruku ti bò. Ó wo apá abo, ó sì rí i pé ìyẹ́ Avakubi náà nìyẹn!

Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwọn ẹyẹ wọ̀nyí sọ pé ọmọ ọ̀kín Íńdíà ni wọ́n, tí a kó wá láti òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ òwò kan tí ó wà ní Kasai, ní Kóńgò níbẹ̀, ni ó sì fi wọ́n ta ilé náà lọ́rẹ ní 1914. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbà láàárín ara wọn pé Éṣíà nìkan ni ọ̀kín wà. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀kín ti inú igbó Áfíríkà wá bá wọn nínú ilé, àlejò ni wọ́n kọ sí i lọ́rùn. Ọdún 22 ni ó fi dúró síbẹ̀ lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

Ẹyẹ náà kò tilẹ̀ jọ ti Íńdíà tán. Kò ní ìrù gígùn tí í máa wọ́ nílẹ̀. Akọ rẹ̀ ń dán bí aró, ọrùn rẹ̀ pupa láìní ìyẹ́, ṣùkù funfun kan sì nà ró lórí rẹ̀. Abo pupa rúsúrúsú, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ẹni tí ó bá rí i lókèèrè lè pè é ní ẹtù. Chapin kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1936 náà, ó sì sọ ọ́ ní Afropavo congensis, èyíinì ni ọ̀kín Áfíríkà ti Kóńgò.

Síbẹ̀, kò tíì rí i láàyè. Ará Bẹ́ljíọ̀mù kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kóńgò sọ fún un pé òun ti jẹ ẹran irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ rí! Ní 1937 Chapin wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí Kóńgò. Ohun tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò mọ̀, kò ṣòro fún àwọn ọdẹ igbó náà láti sọ: wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ igbe rẹ̀, wọ́n mọ ibi tí ó ń sùn. Ọwọ́ wọn ni ó sì ti rí i gbà.

Báyìí ni òkìkí Chapin ṣe kàn. Ó bá iṣẹ́ ìwé rẹ̀ lọ títí apá kẹrin fi jáde ní 1954, ó sì kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1964, ní ẹni ọdún 74. Òun fúnra rẹ̀ kò fi ìtàn fìlà náà pamọ́, èyí sì jẹ́ ohun ìyìn fún un. Àwọn tí ń tún ìtàn náà sọ ni wọn kì í béèrè orúkọ ẹni tí ó ni fìlà, tàbí ti ọdẹ tí ó pa ẹyẹ náà.

Orílẹ̀-èdè Kóńgò ti Kinshasa ti fi ọ̀kín yìí ṣe ẹyẹ orílẹ̀-èdè wọn. Kò sí níbòmíràn láyé nínú igbó àfi ọ̀dọ̀ wọn, okùn dídẹ àti igbó gígé sì ń dín in kù. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, nígbà tí àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ ibi tí ó ṣẹ́kù sí ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, àwọn ọdẹ abúlé ni wọ́n lọ bi.