Benjamin Franklin àti Owó Rẹ̀

Ǹjẹ́ o ti ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí, tí o sì wá kábàámọ̀? Bí ó bá ti ṣe ọ́ rí, ìwọ nìkan kọ́. Ka ìtàn Benjamin Franklin yìí.

Ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a bí Franklin sí ní ọdún 1706. Ọmọ 17 ni bàbá rẹ̀ bí. Ọṣẹ àti àbẹ́là ni bàbá náà ń ṣe tà, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 2 péré ni Franklin lò ní ilé-ìwé.

Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 7, wọ́n fún un lówó ọdún. Ó rí fèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, ó sì kó gbogbo owó náà fún un. Nígbà tí ó délé, wọ́n ní ìlọ́po mẹ́rin iye tí fèrè náà tó ni ó san. Franklin sunkún. Kò gbàgbé ọjọ́ náà láéláé.

Ní ọmọ ọdún 12, ó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó ń san owó oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó bẹ ẹ̀gbọ́n náà kí ó fún òun ní ìdajì owó oúnjẹ, kí òun máa bọ́ ara òun. Ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń mu omi, ó sì ń fi owó tí ó ṣẹ́kù ra ìwé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀dọ́, ó ṣì ẹsẹ̀ gbé. Ọ̀gbẹ́ni Vernon ní kí ó bá òun gba gbèsè kan, nǹkan bí pọ́n-ùn 35, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ fún òun. Franklin ń yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọ̀mùtí, nínú owó olówó yìí. Ọ̀rẹ́ náà lọ sí erékùṣù Barbados, kò sì san kọ́bọ̀ padà. Ẹ̀rù ń ba Franklin: bí Vernon bá béèrè owó rẹ̀, kí ni yóò wí? Nígbà tí Vernon béèrè, Franklin kò sá. Ó jẹ́wọ́, ó tọrọ àyè, ó sì san owó náà tòun tèlé.

Ní 1728, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Philadelphia. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà aṣọ lásán ni ó ń wọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi bárò ti bébà tí ó bá rà gba ìgboro kọjá. Àwọn oníṣòwò rí i, wọ́n sì fọkàn tán an. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó san gbèsè rẹ̀ tán. Ní 1748, ní ọmọ ọdún 42, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún alábàáṣe rẹ̀, èrè tí wọ́n jọ ń pín sì ń bọ́ ọ. Ó wá ráyè ṣe ìwádìí iná mànàmáná, ó sì sin ìlú rẹ̀.

Ó kú ní 1790, ní ọmọ ọdún 84. Ó fi pọ́n-ùn 1,000 sílẹ̀ fún Boston, 1,000 fún Philadelphia, kí wọ́n máa yá àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ní onídùúró méjì, kí wọ́n sì máa san án padà pẹ̀lú èlé. Nígbà tí ọdún 200 pé ní 1990, owó méjèèjì ti ju mílíọ̀nù 6 dọ́là lọ.

Ìwọ ńkọ́? Kí o tó ná owó ọwọ́ rẹ, kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè: ṣé tèmi ni, ṣé ti olówó ni?